Báwo ni ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú kékeré ṣe lè dé ojú àwọn skáòtù?

Ọmọ Òkèhò béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin, tí yóò pé ọmọ ọdún 17 láìpẹ́, ni mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lé lórí. Òkèhò ní Òkè-Ògùn ni à ń gbé, ibẹ̀ ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ àti fún ikọ̀ àdúgbò kan tó máa ń kóra jọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ni ó ń lò, apá òsì iwájú ni ó sì ti ń gbá a. Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ àbúrò mi ni mo ṣe sọ pé ó mọ̀ ọ́n gbá. Àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ilé wa máa ń dúró wò ó. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò tíì rí skáòtù kankan rí, ìyẹn ẹni tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá, tó wá wo bọ́ọ̀lù ní ìlú wa.

Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tó ní ejẹ́ńtì ni òun, ìyẹn alárinà láàárín agbábọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́, pè wá lórí fóònù. Ó ní òun rí fídíò ọmọ náà lórí WhatsApp, àti pé bí a bá lè san ₦450,000, òun yóò bá a gba ìwé ìpè fún ìdánwò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ilẹ̀ Tọ́kì. Bàbá wa ti ń sọ pé àwọn yóò ta ilẹ̀ oko kan. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ju wa lọ. Ṣé ọ̀nà gidi ni èyí? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wo ni ọmọ yìí lè gbà kí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri tó rí i?

Kóòṣì Adámásìngbà fèsì:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá kí wọ́n má ta ilẹ̀ kankan. Àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn, mo sì ti rí ìdílé tó pọ̀ tó bá irú ìwé ìpè bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọmọ wọn kò sì kọjá Èkó.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé òfin FIFA, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù lágbàáyé, kò fàyè gba kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 lọ forúkọ sílẹ̀ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè mìíràn, àyàfi ní àwọn ipò díẹ̀ kan, bíi kí àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹ wo Victor Osimhen. Góòlù 10 ni ó gbá wọlé ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ, ní Chile, ní ọdún 2015, gbogbo ayé sì rí i. Síbẹ̀, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ó tó wọ ẹgbẹ́ Wolfsburg ní Jámánì, lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 18 ní ìparí oṣù kejìlá. Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, pé ọmọ ọdún 18 ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, Liverpool sì gbà á ní ìparí oṣù yẹn kan náà. Bí ọ̀rọ̀ Wilfred Ndidi àti ẹgbẹ́ Genk ní Bẹ́ljíọ̀mù náà ṣe rí nìyẹn. Bí àwọn wọ̀nyí bá lè dúró de ọjọ́ orí wọn, kí ni ọkùnrin yìí fẹ́ fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ṣe ní Tọ́kì?

Ní ti àwọn skáòtù, ẹ má retí pé wọn yóò wá sí Òkèhò, kì í sì í ṣe pé wọ́n kórìíra ìlú kékeré. Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Remo Stars fìdí kalẹ̀ sí, àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ti sáà 2024/25, wọ́n sì ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tiwọn tó ń jẹ́ Beyond Limits. Skáòtù ń lọ síbẹ̀ nítorí pé, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó lè rí ọmọ púpọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn figagbága, kí ó sì mọ ẹni tó dáa ju ẹnì kejì lọ. Bí àbúrò yín bá gbá góòlù mẹ́rin wọlé ikọ̀ tí kò lágbára, skáòtù kò lè mọ ohun tí yóò fi ìyẹn wọ̀n.

Nítorí náà, ìgbésẹ̀ tó kàn fún un ni ibi tí àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ú lọ wà. Kí ó kọ́kọ́ wọ inú ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́, kí ó máa bá ikọ̀ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá ẹgbẹ́ tó wà nínú Nationwide League One, líìgì ìpele kẹta ní Nàìjíríà, tàbí ikọ̀ ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ńlá kan bíi Shooting Stars, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdánwò. Ibẹ̀ ni ẹni tó mọ skáòtù yóò ti rí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé kóòṣì kan ló ń pe kóòṣì kejì lórí fóònù, tí ọmọ náà yóò fi dé ibi tó ń lọ.

Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nìkan ni a ń wò ó. Èmi máa ń wò bóyá ọmọ yí ojú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ohun tí ó ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbà tí wọ́n gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ sókè, tó ń pariwo mọ́ rẹfirí dípò kí ó sáré padà, mo ti kọjá orí ẹni yẹn nìyẹn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ fèsì:

Òótọ́ ni Kóòṣì sọ. Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé fún ẹgbẹ́ kékeré kan, n óò sì fi ọ̀rọ̀ ìwé kún un.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ FIFA nìkan ni ó lè ṣe iṣẹ́ ejẹ́ńtì, orúkọ wọn sì wà lórí ìkànnì FIFA fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò. Ẹ béèrè orúkọ ọkùnrin náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí ẹ wá a níbẹ̀. Bí ọmọ kò bá tíì tó ọdún 18, ejẹ́ńtì tòótọ́ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ pẹ̀lú ìwé kí ó tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá. Owó rẹ̀ ń wá láti inú àdéhùn tí ó bá bá ọmọ náà rí gbà ní ẹgbẹ́, kì í ṣe láti inú ilẹ̀ oko bàbá.

Ẹgbẹ́ tó kọ́ ọmọ pẹ̀lú ní èrè tirẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn bá ra agbábọ́ọ̀lù, ìdá 5 nínú 100 owó náà ni òfin ní kí wọ́n pín fún àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Nítorí èyí, ẹ rí i pé ẹgbẹ́ tó bá gba àbúrò yín forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà sọ́wọ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ẹnìkan yóò gbà yín níyànjú pé kí ẹ dín in kù. Ẹ má gbà. Láti ìgbà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí Nàìjíríà gbàlejò ní ọdún 2009 ni FIFA ti ń fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ nínú ìdíje bẹ́ẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí wọ́n sọ lọ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá já irọ́ rẹ̀ kò ní rí ibì kan lọ. Ìwé ẹ̀rí ìbí, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti nọ́ńbà NIN gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìbí kan náà, kí ìyàtọ̀ kankan má sì wà láàárín wọn, bó ti wù kí ó kéré tó.

Ìyá Atamátàsé fèsì:

Ọmọbìnrin mi ń gbá bọ́ọ̀lù, nítorí náà mo mọ ohun tí ojú yín ń rí. Asisat Oshoala láti Ìkòròdú kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún FC Robo ní Èkó kí ó tó di agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 20 lọ, ní Kánádà, ní ọdún 2014. Inú ẹgbẹ́ nílé ni òun náà gbà.

Fídíò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Fídíò góòlù nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan gun ibi gíga, orí àga tàbí òrùlé ọkọ̀, ní ìwọ̀n àárín pápá, kí ó di fóònù mú ní ìbú, kí ó má sì máa fà á súnmọ́ tòsí lemọ́lemọ́. Kí ó kọ́kọ́ ya ọmọ náà pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó ya gbogbo ìdajì eré kan láìgé e. Oòrùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹni tó ń yà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọmọ yóò dúdú bí òjìji. Nínú èyí ni ẹ óò ti gé ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde, ṣùgbọ́n ẹ pa odidi rẹ̀ mọ́, nítorí pé kóòṣì tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i yóò béèrè fún un.

Kí ó má sì fi WAEC sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Wasinmi ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àtijọ́, dá sílẹ̀, níbi tí ìwé àti eré ìdárayá ti ń lọ pọ̀, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi sọ pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ kú kí èkejì tó yè.

Ọmọ Òkèhò fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo wá orúkọ ọkùnrin náà lórí ìkànnì FIFA, n kò rí i, nígbà tí mo sì béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, kò gbé fóònù mọ́. Bàbá ti gbà láti fi ilẹ̀ sílẹ̀. Kóòṣì, bí a bá mú ọmọ náà wá sí Ìbàdàn fún ìdánwò, kí ni kí ó mú lọ́wọ́?

Kóòṣì Adámásìngbà fèsì:

Bàtà bọ́ọ̀lù tó ti wọ̀ dáadáa, kì í ṣe tuntun tí yóò bó o lẹ́sẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìbí. Àti nọ́ńbà fóònù àgbàlagbà kan nínú ilé. Kí ó sùn sí Ìbàdàn ní alẹ́ tó ṣáájú bí ẹ bá ní ẹbí níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti ọ̀nà Ìṣẹ́yìn dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn yóò ti rẹ̀ kí wọ́n tó fọn fèrè. Bí wọ́n bá bi í ní ipò tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, apá òsì iwájú ni kí ó dárúkọ. Kí ó má sọ pé ibikíbi ni òun lè gbá.