Ẹ̀yin tó fẹ́ lọ wo Real Gabinete ní Rio, ẹ gbọ́ o

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ da àlejò rú ni pé ilé ìkàwé olókìkí méjì ló wà láàárín ìlú Rio de Janeiro. Biblioteca Nacional wà ní Cinelândia. Èyí tí ẹ ń rí fọ́tò rẹ̀ káàkiri, tí ìwé bo ògiri láti ilẹ̀ dé òkè, Real Gabinete Português de Leitura nìyẹn, nọ́ńbà 30, Rua Luís de Camões. Ẹ pe orúkọ àdúgbò náà fún awakọ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ VLT, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, lẹ fẹ́ wọ̀, Tiradentes ni kí ẹ ti bọ́ sílẹ̀. Gbàrà tí ẹ bá wọlé sínú ọkọ̀ ni kí ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ. Ẹni tí àwọn alábòójútó bá bá láìṣe bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn ló máa san.

Ọ̀fẹ́ ni àtiwọlé, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá lọ lópin ọ̀sẹ̀, ilẹ̀kùn títì ni yóò bá.

Ẹ má sáré wọlé. Ẹ dúró lódìkejì títì kí ẹ wo iwájú ilé náà. Rafael da Silva e Castro, ọmọ ilẹ̀ Pọtogí, ló ya àwòrán rẹ̀, ilé àwọn mọ́ńkì Jerónimos tó wà ní Lisbon ló sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Lisbon náà ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta rẹ̀ kí wọ́n tó kó o sọdá òkun. Ère mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Camões akéwì, Cabral, Vasco da Gama àti ọmọ ọba Henrique. Ọ̀rọ̀ òkun ló sọ mẹ́ta yòókù di olókìkí, òkun kan náà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa gbà lọ. Ọmọbìnrin ọba Bùràsíìlì, Isabel, ló ṣí ilé yìí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1887. Òun náà ló fọwọ́ sí òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì, ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888. Ẹrú ṣì wà nílùú lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn bí ẹwà ilé náà bá ń wọ̀ yín lójú.

Nínú ilé, ìpele ìwé mẹ́ta ló gba ògiri, orí pẹpẹ igi gbígbẹ́ ni wọ́n tò wọ́n sí. Fèrèsé kò ráyè níbẹ̀, òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, láti ojú gíláàsì aláràbarà tí irin gbé dúró, fìtílà ńlá kan sì rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, irin yẹn ló yẹ kí èèyàn wò pẹ́ jù: ìrísí ilé ń ṣe bí ti ayé ọdún 1500, irin òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ ohun ìgbàlódé nígbà náà. Ẹ tún wá Altar da Pátria, iṣẹ́ fàdákà, eyín erin àti mábù tó ga tó mítà 1.7. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

*

Ẹ jẹ́ n fi ti fọ́tò kún un. Gíláàsì òkè máa ń tàn ju pẹpẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ìwé fi ń dúdú nínú fọ́tò. Ẹ fi ìka kan ibi tí pẹpẹ wà lójú fóònù kí ẹ tó yà á. Ẹ pa fíláàṣì: kò lè tàn dé òkè, ó sì ń dí àwọn tó ń kàwé lọ́wọ́. Ọ̀sán gangan ló dára jù. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, òjò máa ń ṣú nírọ̀lẹ́, inú ilé á sì ṣókùnkùn.

*

Tó bá jẹ́ ìwé lẹ bá lọ, nǹkan bí 350,000 ló wà níbẹ̀, títí kan ẹ̀dà àkọ́kọ́ Os Lusíadas, ìwé ewì Camões, ti ọdún 1572. Kò sẹ́ni tó ń lọ fúnra rẹ̀ yọ ìwé lórí pẹpẹ. Ẹ kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé àti ọdún ìtẹ̀jáde sílẹ̀ lédè Pọtogí, kí ẹ fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Fún ìwé àtijọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa lọ, kí ẹ sì mú ìwé ìrìnnà dání.