Ìmọ̀ràn kíákíá, ẹ jọ̀ọ́: níbo la ti lè kó àwọn tí làkúrègbé ń bá jà rìn ní Ìbàdàn?

Àdùkẹ́_Ẹlẹ́yẹlé: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìyá nọ́ọ̀sì tó máa ń kó ẹgbẹ́ wa rìn láràárọ̀ Sátidé ti gba Èkó lọ. Ọmọ wọn bímọ, wọ́n lọ wẹ ọmọ. Èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Làkúrègbé ló ń bá gbogbo wa jà, èmi náà wà níbẹ̀. Ibi tí a ti ń rìn tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà ibẹ̀. Níbo ni ilẹ̀ ti tẹ́jú? Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀? Ọ̀la ni o, aago mẹ́fà ààbọ̀.

Ọmọ_Bẹẹrẹ: Ẹ̀yin mélòó ni? Orúnkún ni àbí ìbàdí? Ẹ ò kúkú sọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Ẹlẹ́yẹlé lẹ ti ń bọ̀, ẹ wọ máíkírà dé Mọ́kọ́lá, kí ẹ lọ sí pápá Adámásìngbà. Láràárọ̀ Sátidé, èrò tó ń sáré níbẹ̀ pọ̀.

Táyé_Agbówó: Èrò tó ń sáré ni yóò gbá àwọn ìyá àgbà ṣubú. Inú ọgbà Yunifásítì ni kí ẹ lọ. Igi ṣíji bo ọ̀nà, ọ̀dà ni wọ́n sì fi ṣe é. Ẹ má lọ sí Agodi Gardens, wọ́n ń gba owó ìwọlé níbẹ̀.

Ìyá_Bísọ́lá: Ẹ fi ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ó ti rìn sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń kó wọn lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ eré ìdárayá kó wa jọ ládùúgbò, a tó ogún. Ọ̀sẹ̀ kìíní, a rìn, inú wa dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní Òkè Àárẹ là ń lọ, pé ká gun Láyípo, ilé gogoro Bower yẹn, pé ẹni tó bá dé òkè rẹ̀, làkúrègbé ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mo sọ fún un pé orúnkún mi ọ̀tún ti ń gbóná láti àná. Ó ní ọ̀lẹ ni mí. Àtẹ̀gùn yẹn ń yí po ni, ó rí tóóró lápá kan, èèyàn ò rí ibi tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ sí. Mo gùn ún. Sísọ̀kalẹ̀ ló pa mí: gbogbo ara mi ló ń já lé orúnkún kan ṣoṣo. Kí n tó délé, ó ti wú bí àgbọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kírun lórí àga.

Ṣadé_Àpáta: Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ṣé ó tiẹ̀ wá kí yín?

Ìyá_Bísọ́lá: Kò yọjú. Owó tí a dá fún un náà kò padà.

Bàbá_Mápó: Ẹ má bínú, mà, ṣùgbọ́n òkè kọ́ ló jẹ̀bi. Ọdún 67 ni mí, mò ń gun Òkè Mápó lójoojúmọ́, orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan.

Ìyá_Bísọ́lá: Bàbá, orúnkún tó yá gágá lẹ fi ń gun òkè. Àwọn tí tiwọn ń dùn là ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ọmọ_Bẹẹrẹ: Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó jókòó. Kí ló ń wá kiri?

Físíò_Ayọ̀: Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe, eré ìdárayá la fi ń tọ́jú oríkèé àti iṣan. Jíjókòó yẹn gan-an ló ń mú kí oríkèé gan. Eegun rírọ̀ tó bo orí oríkèé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìgbà tí a bá ń lo ẹsẹ̀ ló sì ń rí i mu dáadáa. Bí iṣan itan bá rọ nítorí àìrìn, orúnkún nìkan ni yóò máa ru ẹrù. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Ìyá Bísọ́lá sọ: orúnkún tó gbóná tó sì wú, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ nìyẹn.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 5 sí 10 tó fún un, ìgbà 3 lọ́sẹ̀, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ètò ìrìn kan, Walk With Ease, tí Arthritis Foundation, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ làkúrègbé, dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ 6 ni, ìgbà 3 lọ́sẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rọra na ara, ẹ má fi eré bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ parí láìmí gúlegúle, eré ẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ìrora bá ṣì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lẹ́yìn wákàtí 2 tí ẹ parí, ẹ dín in kù nígbà mìíràn. Ẹni tó ń lo ọ̀pá, bí orúnkún ọ̀tún bá ló ń dùn ún, ọwọ́ òsì ni kó fi dì í mú. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é sódì.

Rẹ̀mí_Mọ́níyà: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà kánfáàsì òkìrìkà tó ṣì lágbára ní Dùgbẹ̀?

Ṣadé_Àpáta: Èmi, òrí ni mo fi ń pa tèmi, màá wá fi aṣọ olómi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Oògùn kan tún wà tí wọ́n ń ta nínú bọ́ọ̀sì, ọjọ́ kan náà ló mú ti màmá mi dákẹ́.

Físíò_Ayọ̀: Òrí kò burú. Oògùn bọ́ọ̀sì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ màmá. Wọ́n ti bá sìtẹ́rọ́ìdì, oògùn líle tó ń pa ara wíwú, nínú irú rẹ̀ rí. Ó lè gbé ìfúnpá sókè, ó sì ń jẹ eegun lábẹ́lẹ̀.

Táyé_Agbówó: Ọmọ àbúrò mi, ọdún 19, ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìbàdí ń dùn ún. Ṣé kó tẹ̀lé wọn lọ́la?

Físíò_Ayọ̀: Kó má tíì tẹ̀lé wọn. Ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun itan ẹni tó ní àrùn yẹn mọ́, tí eegun yóò fi máa kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú un lọ ya X-ray, kí dókítà rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH wò ó ná.

Bàbá_Mápó: Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi nípa òkè o.

Ìyá_Bísọ́lá: Ẹ dúró síbẹ̀, sà. Èmi kò ní gun Láyípo mọ́.

Àdùkẹ́_Ẹlẹ́yẹlé: Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. A jẹ́ mẹ́rìnlá, orúnkún ló pọ̀ jù, ìbàdí ni ti ẹni méjì. Owó máíkírà lọ sí Adámásìngbà tàbí Yunifásítì àti àbọ̀, apá ẹlòmíràn nínú wa kò ká a. Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa la máa lò. Mo ti bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, wọ́n ní ká máa bọ̀. Ogún ìṣẹ́jú la ó rìn, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Físíò_Ayọ̀: Ogún ti pọ̀ jù fún ẹni tuntun, àǹtí.

Àdùkẹ́_Ẹlẹ́yẹlé: Méjì péré ni ẹni tuntun. Mo máa ní kí wọ́n gbé àga márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹni tó bá rẹ̀ kó jókòó. Ìyá kan tó ti pé ọdún 78 wà láàárín wa, òun ló ń rọra rìn jù. Òun ni màá fi síwájú, kí ẹnikẹ́ni má kọjá a.

Ìyá_Bísọ́lá: Ìyẹn dáa. Ṣé pápá yẹn ò ní kòtò?

Àdùkẹ́_Ẹlẹ́yẹlé: Ó ní ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó gólì, koríko ti bò ó. Màá tètè débẹ̀ láàárọ̀, màá ri ẹ̀ka igi mọ́ ọn, màá so gèlè pupa mọ́ orí ẹ̀.