Àwòrán inú cane mi ń wọ́ bí bíléèdì bá ti kàn án

Onílẹ̀kẹ̀_Súrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀. Polymer clay ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, clay oníke tí à ń yan nínú ófùn, kì í ṣe amọ̀ ìkòkò. Cane ni mo ń ṣe, ìyẹn ọ̀pá clay tí àwòrán kan náà gba inú rẹ̀ já láti orí kan dé èkejì, tí wọ́n ń gé pẹlẹbẹ fún yẹtí, àwòrán oṣù bàǹbà ti àdìrẹ ni mo sì fẹ́ kó hàn lójú ibi tí a bá gé: òbìrìkìtì funfun kan láàárín, mẹ́fà yí i ká, gbogbo wọn nínú aró. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, ó gùn ní 5, páálí clay gíráàmù 57 méjì ló wọ inú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ìbú rẹ̀ dín kù sí sẹ̀ǹtímítà 1.

Bí mo bá ń yí i lórí tábìlì kó lè tín-ín-rín, aró ìta á sáré ṣíwájú, funfun àárín á dúró sẹ́yìn, orí cane á wá jin kòtò bí ẹnu ife. Bí mo bá gé e, òbìrìkìtì kì í rí roboto mọ́, aró á sì fà wọ inú funfun. Ìwọ̀nba tó bá bọ́ sí i, bí mo bá yan án tán, ó ń dá kẹ́ bíi bísíkíìtì. Ófùn kékeré oníná ni mo ń lò, fíríìjì wà ṣùgbọ́n iná kì í dúró. Níbo ni àṣìṣe wà?

Bàbá_Alámọ̀:
Ẹ kú ìbéèrè. Ti yíyí ni kí n kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ cane ti ń kú.

Ẹ má yí cane tó bá ṣì nípọn. Ara òde nìkan ni ọwọ́ tó ń yí i ń fà. Àárín kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Títẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e dúró, ẹ dì í mú níbàdí, kí ẹ máa fún un, kí ẹ máa yí ọwọ́ sí ibòmíràn, títí yóò fi rí bíi gángan: ìbàdí tín-ín-rín, orí méjèèjì fẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa ti ìfúnpọ̀ yẹn lọ sí orí kan, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ ṣe orí kejì. Nígbà tó bá ti gùn ju kí ó dúró lọ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó pé ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ ni kí ẹ tó yí i, kí ara rẹ̀ lè dán ni.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lẹ àjẹkù clay tó nípọn ní mílímítà 5 mọ́ orí méjèèjì. Orí cane ni ó máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àjẹkù ló bàjẹ́.

Ẹ tún wo ìṣirò yìí. Bí ìbú bá dín kù sí ìdajì, gígùn á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 4 dé 1, ìlọ́po 16 ni, sẹ̀ǹtímítà 5 yín á di 80! Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ méjì darí ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 80? Ẹ dúró ní 2, ìgbà yẹn yóò gùn tó 20. Ẹ gé e sí mẹ́rin, ẹ mú ẹyọ kan lọ sí 1, kí ẹ fi ìyókù pamọ́ fún ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí ńlá.

Ní ti aró tó ń wọ inú funfun, clay méjèèjì kò rọ̀ bákan náà. Ẹ mú ìwọ̀n ẹ̀wà kan nínú funfun, ọ̀kan nínú aró, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n papọ̀. Èyí tó bá tẹ́ jù ni ó rọ̀ jù. Ẹ tẹ́ ẹ ní mílímítà 3 sáàárín bébà funfun méjì tí kò ní ìkọ̀wé (ìwé ìròyìn á fi dúdú kùn ún), ẹ gbé ìwé ńlá lé e. Epo tó ń mú un rọ̀ á máa jáde sí bébà. Wákàtí kan sí méjì, ẹ tún dán an wò. Bí kò bá tíì tó, ẹ pààrọ̀ bébà. Tí ẹ bá kọ́ cane tán, ẹ jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá gbé e sínú fíríìsà fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gé e.

Ìyá_Yẹtí_Ìsàlẹ̀Èkó:
Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ni mo fọwọ́ sí, àfi fíríìsà. Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún omi. Cane tó bá tutù tó bẹ́ẹ̀, ní kété tó bá jáde ni yóò máa làágùn bí ìgò mínírà. Omi yẹn kì í jẹ́ kí ibi tí ẹ gé lẹ̀ mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, bí clay tó mọ́ gaara bá sì wà nínú rẹ̀, yóò yọ àmì funfun tóótòòtó lẹ́yìn tó bá jiná. Cane tó le gbagidi tún máa ń sán létí bí bíléèdì bá kàn án. Ẹni tí iná kò dúró fún kò tilẹ̀ nílò fíríìjì. Ẹ kó pure water dídì méjì tàbí mẹ́ta sínú kúlà, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé cane, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e lórí náílọ́ọ̀nù, ìṣẹ́jú 15. Ó yẹ kó tutù, kó má dì.

Bíléèdì pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ìsàlẹ̀ tààrà ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi rẹ́ bí ẹni ń rẹ́ igi. Mílímítà 1 sí 1.5 ni kí ẹ máa gé. Bí ẹ bá gé kan, ẹ yí cane ní ìdámẹ́rin kí ẹ tó gé èkejì, torí ẹ̀gbẹ́ kan náà ni bíléèdì á máa tẹ̀ tí ẹ kò bá yí i, ohun tó sọ òbìrìkìtì yín di ẹyin nìyẹn. Ẹ máa nu bíléèdì. Aró tó lẹ̀ mọ́ ọn ló ń kun funfun tó tẹ̀ lé e.

Ṣé ẹ dí àlàfo? Òbìrìkìtì méje tí ẹ tò bẹ́ẹ̀, kòtò onígun mẹ́ta wà láàárín wọn. Bí ẹ kò bá fi okùn aró tẹ́ẹ́rẹ́ dí i, clay funra rẹ̀ á sún lọ dí i, roboto á sì di onígun mẹ́fà bí ilé oyin. Àti pé báwo ni aró tí ẹ fi wé funfun kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó?

Onílẹ̀kẹ̀_Súrùlérè:
Ẹ ṣé gan-an, mà. N kò dí nǹkan kan. Mílímítà kan ni aró náà.

Ìyá_Yẹtí_Ìsàlẹ̀Èkó:
Ó fẹ́lẹ́ jù. Ìbú cane yín ń lọ sí ìdámẹ́rin, gbogbo ohun inú rẹ̀ náà ń lọ sí ìdámẹ́rin. Mílímítà 1 á di 0.25, láàárín funfun méjì ẹ kò ní ní ju 0.5 lọ. Lókèèrè, ojú á kàn rí i bí eérú. Ẹ ṣe funfun ní mílímítà 9, ẹ fi aró mílímítà 2 wé e, á di 13. Mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 39, 4 yín náà nìyẹn. Tó bá di 1, funfun kọ̀ọ̀kan á ṣẹ́ kù díẹ̀ ju mílímítà 2 lọ, aró àárín wọn á sì jẹ́ 1. Ẹ jẹ́ kí aró náà dúdú ju bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí lọ: búlúù ìpín mẹ́jọ, dúdú ìpín kan. Àwọ̀ máa ń dà bíi pé ó ṣí tí àwòrán bá kéré. Funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ pò, kí ọwọ́ yín tó kan búlúù.

Àwọn ará Venice ti ń fi gíláàsì ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́ kí polymer clay tó dé, ìlẹ̀kẹ̀ wọn pọ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá rí ọ̀kan, kó wo ojú rẹ̀ dáadáa, àlàfo kì í sí níbẹ̀.

Ófùn_Mushin:
Ẹ jẹ́ n fi ti bísíkíìtì kún un. Kò jiná ni, kì í ṣe pé ó jiná jù. Lúbúlúbú ike PVC àti epo tó ń mú un rọ̀ ni polymer clay. Ooru ló ń mú kí lúbúlúbú yẹn wọ ara wọn di ọ̀kan. Bí ooru kò bá tó, tàbí tí kò pẹ́ tó, ojú rẹ̀ á le, inú kò ní so pọ̀. Ẹyọ tó nípọn ní mílímítà 2 tó sì jiná, tó bá tutù tán, ó yẹ kó tẹ̀ díẹ̀ kó sì padà.

Ẹ tẹ̀ lé ohun tó wà lára páálí, torí oríṣi clay kọ̀ọ̀kan ló ní ooru tirẹ̀. Fimo, 110°C, ìṣẹ́jú 30. Premo, 130°C, ìṣẹ́jú 30 fún mílímítà 6 kọ̀ọ̀kan tó bá nípọn. Kato, 150°C. Ẹ má gba nọ́ńbà ara bọ́tìnì ófùn kékeré gbọ́. Ẹ ra tẹmómítà ófùn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ gan-an. Irin tó ń pọ́n yẹn máa ń jó ojú clay nígbà tí inú kò tíì gbóná, nítorí náà ẹ tẹ́ táìlì kan sísàlẹ̀, ẹ fi fọ́ìlì ṣe ìdérí tí kò kan iṣẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má ṣílẹ̀kùn. Bí wọ́n bá mú un dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo nígbà tí tẹmómítà bá padà dé ibi tó yẹ. Yíyan lẹ́ẹ̀mejì kò pa á lára, ooru tó bá pọ̀ jù ló ń pa á. Tí ẹ bá rí èéfín, ẹ pa ófùn, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde: gáàsì hydrogen chloride ló ń jáde lára PVC tó ń jó.

Bàbá_Alámọ̀:
Ìyá Yẹtí, mo gba ti kúlà. Ẹ má jẹ́ kí ó gbàgbé ibi ìpamọ́ o. Cane tó kù, ẹ má gbé e sínú páàkì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bu jọ̀lọ́ọ̀fù: polystyrene nìyẹn, epo inú clay á jẹ ẹ́, méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ wo ìdí ike, èyí tí 5 wà nínú onígun mẹ́ta rẹ̀ ló dáa, èyí tí 6 wà lára rẹ̀ kò dáa. Ẹ má sì fi í sínú mọ́tò tó dúró sínú oòrùn, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jiná níbẹ̀.

Onílẹ̀kẹ̀_Súrùlérè:
Nọ́ńbà 6 ló wà ní ìdí ike mi. Mo ti kó wọn kúrò níbẹ̀. Funfun ti wà lábẹ́ ìwé báyìí, bébà ti ń yọ epo.