Níbo ni ká dúró sí láti rí elk tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Estes Park, Colorado?

Ìyá Dàpọ̀ (Houston):
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Colorado. Màmá mi ti dé láti Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa wà títí di Kérésìmesì. Wọ́n rí fídíò elk, ẹran ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, tó ń ké lórí fóònù mi, wọ́n ní àfi káwọn fojú ara àwọn rí i. Ìparí oṣù kẹsàn-án la fẹ́ wá, àwa àti àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì. Orúnkún ń dun Màmá, wọn ò lè rìn jìnnà. Ṣé ká wakọ̀ gun òkè lọ bá àwọn ẹran náà ni, àbí ibì kan wà tá a lè jókòó sí? Aago mélòó ló dára?

Akin (Aurora):
Trail Ridge Road, ọ̀nà tó gun orí òkè nínú ọgbà Rocky Mountain National Park, ni kí ẹ gbà. Ó ga dé ẹsẹ̀ bàtà 12,183, ojú ọ̀nà dára. Ẹ ṣáà tètè lọ, torí wọ́n máa ń tì í ní nǹkan bí àárín oṣù kẹwàá tí yìnyín bá ti pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Loveland:
Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Dàpọ̀. Akin, àbúrò mi, ọ̀nà yẹn rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní rán Màmá lọ síbẹ̀ torí elk nígbà yẹn. Àsìkò ooru ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí igi kò ti lè hù mọ́, tí wọ́n ń jẹ koríko tútù. Tí òtútù bá ti ń mú, tí koríko ibẹ̀ ń gbẹ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ wá sí pápá ìsàlẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni akọ ń wá abo, láti àárín oṣù kẹsàn-án dé àárín oṣù kẹwàá. Àwọn ló ń sọ̀ wá bá yín.

Horseshoe Park ni kí ẹ lọ. Ẹ gba ẹnubodè Fall River wọlé. Òpópónà US 34 gba ẹ̀gbẹ́ pápá náà kọjá, Màmá lè wà nínú ọkọ̀ kí wọ́n sì rí gbogbo rẹ̀. Moraine Park náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà Bear Lake ló wà, òfin tíkẹ́ẹ̀tì tó ní aago ìwọlé tibẹ̀ sì le ju ti ibi yòókù lọ. Ẹ wo recreation.gov, níbi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ débẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn abo àti ọmọ wọn lẹ máa kọ́kọ́ rí létí igbó, akọ á tẹ̀lé wọn. Ẹ wo bó ṣe ń kó àwọn abo jọ, tó ń lé àwọn akọ kéékèèké dànù. Agbára káká ló fi ń ráyè jẹun. Igbe rẹ̀ kọjá ohun tí fóònù lè gbé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, á wá gòkè di ohùn fèrè tó tín-ín-rín, òkè á sì gbà á padà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé tí mo bá jáde níbi iṣẹ́ alẹ́, màá gba àfonífojì Big Thompson lọ gbọ́ ọ kí n tó sùn.

Ẹ sọ fún Màmá pé àwọn ọdẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa elk tán níbí nígbà kan. Ọdún 1913 àti 1914 ni wọ́n kó elk 49 wá láti ọgbà Yellowstone, kí wọ́n tó dá ọgbà náà sílẹ̀ ní 1915.

Àwọn ọmọ yín kò gbọdọ̀ sún mọ́ elk ju ẹsẹ̀ bàtà 75 lọ, ìyẹn bíi gígùn bọ́ọ̀sì méjì. Láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òfin kò gba kéèyàn wọ inú pápá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Akọ tó wọ̀n tó pọ́n-ùn 700 kì í ṣe ohun tí a ń bá ya fọ́tò.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni jẹnotáìpù àwọn ọmọ?

Ìyá Dàpọ̀ (Houston):
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Dàpọ̀ jẹ́ AA, àbúrò rẹ̀ jẹ́ AS. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni?

Nọ́ọ̀sì Loveland:
Ó kàn án. Ká ní SS ni, ǹ bá ní kí ẹ má gbé e wá láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ AS kì í ní ìṣòro kankan, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fúyẹ́ lókè: Estes Park fúnra rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 7,522. Ẹ sun Denver mọ́jú ná, kó máa mu omi dáadáa, kó má sáré gun òkè, kí ẹ sì fi Trail Ridge sílẹ̀. Tí ìrora bá mú un lápá òsì lábẹ́ egungun ìhà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ gba ọsibítù lọ, kí ẹ sì sọ fún wọn pé AS ni.

Ẹ mú ẹ̀wù òtútù àti ìbọ̀sẹ̀ nínípọn wá fún Màmá. Tí oòrùn bá ti wọ̀, òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré.