Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí a kúrò níbi tí à ń ṣe ìpàdé?

Ẹ kú ilé o. Lágeré ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Àwa mẹ́fà la jọ ń ṣiṣẹ́: ohùn tí àwọn èèyàn bá gbà sílẹ̀ là ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan wà ní Iléṣà, méjì ní Ìbàdàn, ẹnì kan l'Ékòó, àbúrò wa kan sì wà ní Jámánì. Alẹ́ Mọ́ńdè là ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀fẹ́ là ń lo èyí tí à ń lò, àsìkò tó sì ń fún wa kì í tó. Ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ọ̀rọ̀ owó gan-an ló máa ń lé wa jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí a tó ráyè wọlé padà, ará Jámánì ti lọ sùn.

Òun náà ló wá dábàá Jitsi, ibi ìpàdé mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Iléṣà ni mò ń rò. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ti ohùn wọn pa. Ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́yìn fèrèsé wọn. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la jọ ń lọ ata. Ṣé kí n tún wá dà wọ́n láàmú?

Ìyá Ìbejì: Kí ló dé tí ẹ ò lo WhatsApp? Ó ń gba èèyàn 32, ẹ̀gbọ́n yín á sì ti mọ̀ ọ́n.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé, mà. A fẹ́ kí gbogbo wa jọ máa wo ojú kọ̀ǹpútà mi ni.

Ìyá Ìbejì: Ó ń ṣe ìyẹn náà láti 2023.

Ọmọ Ọbòkun: Mo ti lo Jitsi dáadáa. Ẹni tí ẹ bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí kò nílò àkáǹtì rárá. Ṣùgbọ́n láti 2023, ẹni tó máa ṣí ìpàdé lórí meet.jit.si gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àkáǹtì Google, Facebook tàbí GitHub wọlé. Ẹ̀yin nìkan nìyẹn kàn. Lórí fóònù, á fẹ́ kí èèyàn gba ààpù; ẹ yáa bá ẹ̀gbọ́n gbà á sílẹ̀, kí wọ́n má baà máa wá ibi tí wọn á tẹ̀. Kí ẹ sì pa àwòrán. Àwòrán ló ń jẹ dátà, ohùn kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ará Mayfair: Google Meet náà ń bẹ. Lọ́fẹ̀ẹ́, ìṣẹ́jú 60 ló ń fún èèyàn mẹ́ta sókè. Àti pé láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹwàá, aago Jámánì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Ẹ tètè máa bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sùn.

Bàbá Àgbà: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò ṣe kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ owó?

Oníbèéèrè: 😂 Bàbá, ẹ ṣeun, sà. A ti yí i padà, owó ló ń ṣáájú báyìí.

Mo ti dán Jitsi wò ní Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n nìkan. Mo fi líǹkì ránṣẹ́, mo ní aago márùn-ún la máa bẹ̀rẹ̀. Iná lọ, mo ń wá epo jẹnẹrétọ̀ kiri. Ni fóònù mi bá dún. Ẹ̀gbọ́n ni. Wọ́n ní ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí àwọn dúró de ẹni tó ni ìpàdé, kí n jọ̀ọ́ wá ṣílẹ̀kùn.