Ilẹ̀kùn fíríìjì inú ọkọ̀ mi kì í pa dé dáadáa mọ́

Alásè Súrùlérè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní bọ́ọ̀sì kan tí mo tún inú rẹ̀ ṣe, tí mo fi ń ta oúnjẹ ní Màrínà. Fíríìjì kékeré tó ń lo bátìrì 12 volt ni mo ń kó ẹja, ẹran àti zobo sí. Láìpẹ́ yìí ni mo ṣàkíyèsí pé yìnyín ń dì bo ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, omi ń sun ní igun ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, bátìrì sì ń tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Oníṣẹ́ kan ní kí n lọ ra fíríìjì mìíràn, ṣùgbọ́n èyí ṣì ń tutù. Kí ni mo lè ṣe sí ilẹ̀kùn yìí?

Oníṣẹ́ fíríìjì, Èbúté-Mẹ́ta
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ooru Èkó tó kún fún ọ̀rinrin ló ń gba àlàfo ilẹ̀kùn wọlé tó ń di yìnyín, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ láìsinmi tó sì ń fa bátìrì gbẹ. Ẹ fi bébà náírà kan sí ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ pa á dé, kí ẹ sì rọra fà á. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ohun tó dì í mú, ibẹ̀ ni àlàfo wà. Ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò yípo, ní pàtàkì àwọn igun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ inú ìṣẹ́po rọ́bà tó yí etí ilẹ̀kùn ká, nítorí pé epo ọbẹ̀ àti ṣúgà zobo tó gbẹ síbẹ̀ kì í jẹ́ kí rọ́bà lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pẹtiróò fọ̀ ọ́ o, yóò ba rọ́bà jẹ́. Níbi tó bá ti tẹ̀ wọnú, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná lé e títí yóò fi rọ̀, kí ẹ fà á jáde, kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn dé kí ó lè tutù sí ipò rẹ̀.

Awakọ̀ Ìkòròdú
Òótọ́ ni ọ̀gá wí, àmọ́ inú ọkọ̀ ni fíríìjì yìí wà, kì í ṣe pálọ̀. Kòtò ojú títì máa ń gbọ̀n ọ́n títí síkúrù irin tí a fi gbé ilẹ̀kùn kọ́ yóò fi tú, tí ilẹ̀kùn yóò sì wọ́ sílẹ̀, débi pé rọ́bà tó dára pàápàá kò ní bá ojú ibi tó yẹ kó lẹ̀ mọ́. Ẹ ṣí i, kí ẹ gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí ó bá ń mì, síkúrù ni kí ẹ kọ́kọ́ dè.

Alásè Súrùlérè
Ẹ ṣeun gan-an. Síkúrù ìsàlẹ̀ ti tú lóòótọ́, mo sì ti dè é le. Náírà ti ń há nísàlẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yọ ní igun òkè, níbi tí rọ́bà ti ya. Ṣé gọ́ọ̀mù lè mú un?

Oníṣẹ́ fíríìjì, Èbúté-Mẹ́ta
Rárá, mà. Gọ́ọ̀mù yóò gan síbẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì inú rọ́bà kò sì ní lè fà á mọ́ irin dáadáa. Ẹ ra rọ́bà tuntun. Ẹ kọ nọ́ńbà ara fíríìjì sílẹ̀, kí ẹ sì wọn gígùn àti ìbú rọ́bà àtijọ́ kí ẹ tó lọ sí ọjà Alábà. Bí èyí tí ẹ rà bá ti ká nínú páálí, ẹ tẹ́ ẹ sí oòrùn kí ó nà, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ wọ ojú ihò rẹ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ wọlé.