pause() ń retí signal tó ti kọjá: kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

omo_epe

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ilé ẹja yìnyín kan nítòsí ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ni mo kọ ètò yìí fún. C ni mo fi kọ ọ́, orí kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo Linux ló sì wà. Process òbí (process ni ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) á fork ọmọ kan, ìyẹn ni pé á dá process tuntun sílẹ̀, fún fìrísà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á wo bí òtútù ṣe tó, á kọ ọ́ sí fáìlì, á jáde. Òbí á máa retí SIGCHLD, ìyẹn signal (ìfitónilétí) tó ń sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti kú. Handler mi, ìyẹn iṣẹ́ tí ètò máa ń sá lọ ṣe tí signal bá dé, kò ṣe ju pé kó sọ `ti_de` di 1 lọ. Bí mo ṣe ń retí nìyí (pause máa ń mú ètò sùn títí signal á fi dé):

`while (!ti_de) pause();`

Ó sábà máa ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìgbà míì wà, pàápàá tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí gbogbo fìrísà jọ tàn, òbí á kàn dákẹ́ lọ gbáà. Tí mo bá tẹ `ps` láti wo àwọn process, màá rí àwọn ọmọ tí wọ́n ti di `<defunct>`, ìyẹn àwọn tó ti kú tí òbí ò tíì kó kúrò. Owó òwò àwọn ìyá wa ló wà nínú fìrísà wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹnì kan ní kí n fi `sleep(1)` rọ́pò `pause()`, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀nà tó dájú wà bí?

agba_ikorodu

Àbúrò, ó dáa bí o kò ṣe gba sleep yẹn. Wo àárín `!ti_de` àti `pause()`. Ètò rẹ yẹ̀ ẹ́ wò, 0 ló bá níbẹ̀. Kó tó wọ pause, SIGCHLD dé, handler sọ ọ́ di 1, ó parí. Ìgbà yẹn ni pause wá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó ti ṣí kúrò ní èbúté Ìkòròdú ni.

Dí SIGCHLD kí o tó fork. Signal tí a dí kò sọnù, kernel (ọkàn Linux fúnra rẹ̀) á tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi ṣí i. Lẹ́yìn náà, lo sigsuspend, tó ń pààrọ̀ mask (àkójọ àwọn signal tí a dí) tó sì ń sùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí nǹkan kan ò fi lè bọ́ sí àárín méjèèjì:

`sigprocmask(SIG_BLOCK, &chld, &atijo);`
`/* fork níbí */`
`while (!ti_de) sigsuspend(&atijo);`

Rí i pé `volatile sig_atomic_t` ni `ti_de`, kí handler lè yí i padà láìséwu.

iya_ibeji_agbadarigi

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ṣùgbọ́n èmi ò ní lo handler rárá níbí. Àbúrò mi, tí o bá ti dí SIGCHLD, `sigwaitinfo` á gbà á fún ọ nínú ètò rẹ gan-an, wàá sì lè pe printf bó ṣe wù ọ́, ohun tí kò yẹ kéèyàn ṣe nínú handler.

Èyí tó kàn ọ́ jù rèé: SIGCHLD kì í tò jọ. Tí ọmọ mẹ́ta bá kú kí o tó gba ti àkọ́kọ́, ẹyọ kan lo máa rí. Ibẹ̀ ni àwọn `<defunct>` rẹ ti lè máa wá nígbà tí iná bá dé. Nítorí náà, lẹ́yìn signal kọ̀ọ̀kan, fi èyí kó gbogbo ọmọ tó ti kú kúrò:

`while (waitpid(-1, NULL, WNOHANG) > 0) ;`

Ọmọ ń jogún mask òbí, exec (gbígbé ètò mìíràn wọ inú process náà) kì í sì í pa á rẹ́. Tí ọmọ rẹ bá máa exec, kó kọ́kọ́ dá mask àtijọ́ padà.

omo_epe

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin méjèèjì. `sigtimedwait`, ìyẹn `sigwaitinfo` tó ní gbèdéke àkókò, ni mo fẹ́ lò báyìí, kí òbí lè mọ̀ tí ọmọ kan bá há. Ṣé mo lè fi SIGTERM, signal tó ń ní kí ètò parí, sínú set (àkójọ signal) kan náà?

iya_ibeji_agbadarigi

O lè fi sí i. `sigaddset` ni, kí o sì dí òun náà. Nọ́ńbà signal tó dé ló máa dá padà fún ọ; tí àkókò bá pé láìsí ìkankan, -1 ni, errno (ibi tí nọ́ńbà àṣìṣe ń wà) á jẹ́ EAGAIN. SIGKILL àti SIGSTOP nìkan ni kò gba dídí.